Ta ló ń ra iyọ̀ lọ́jọ́ ọjà? Bí ìlú kékeré kan láàárín Ifẹ̀ àti Iléṣà ṣe ka ara rẹ̀

Ìlú tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ wà láàárín Ilé-Ifẹ̀ àti Iléṣà. Ìlú ńlá méjèèjì yìí fi nǹkan bí 30 kìlómítà jìnnà síra, abúlé àti abà ló sì kún àárín wọn. Mi ò ní dárúkọ ìlú náà, mi ò ní dárúkọ kánsù rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ ààlà wà nínú rẹ̀ tí kò tíì parí. Ohun tó bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú fẹ́ kọ lẹ́tà sí kánsù pé kí wọ́n sọ yàrá méjì tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn aboyún di ilé ìwòsàn alábọ́dé gidi. Akọ̀wé wọn, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, kọ lẹ́tà náà dáadáa títí tó fi dé ibi tó yẹ kó kọ iye ènìyàn ìlú. Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n fi ní kí àwa kan tó ń bá àwọn ìgbèríko ṣètò wá dá sí i.

Iye ènìyàn yẹn ṣe pàtàkì. Ìlànà ìjọba àpapọ̀ ni pé, ó kéré tán, kí ilé ìwòsàn alábọ́dé kan tó ń ṣiṣẹ́ wà ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan. Wọ́ọ̀dù wọn ti ní tiẹ̀, ṣùgbọ́n ìlú kejì ló wà, níbi tí ọ̀kadà kì í fẹ́ lọ bí òjò bá ti rọ̀. Tí wọn ò bá fi hàn pé èrò tiwọn pọ̀ tó láti ní òmíràn, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

Bí ìlú náà ṣe rí nìyí. Orí òkè ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó sí láyé ogun. Nígbà tí ọ̀nà ọkọ̀ gba ìsàlẹ̀ kọjá, àwọn ènìyàn sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ wá kọ́lé sẹ́bàá títì. Ohun tó kù lókè kò ju ààfin Lọ́jà tó jẹ́ olórí ìlú, ojúbọ kan àti àwọn ilé alámọ̀ tó ń wó lọ́kọ̀ọ̀kan. Odò kan ṣàn ní gúúsù ìlú. Bí o bá ti kọjá rẹ̀, igbó kòkó ni, abà lẹ́yìn abà. Ilẹ̀ agbègbè náà jẹ́ òkè àti àfonífojì, erùpẹ̀ tó bo òkúta ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò sì nípọn níbi púpọ̀, nítorí náà kànga a máa gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Òkúta yìí kan náà ló gbé wúrà Ìjẹ̀ṣà sínú. Òun ló ń fa àwọn awakùsà wá sí agbègbè Ìtagúnmódi àti Igun, òun náà ló sì jẹ́ kí ilé-iṣẹ́ ńlá kan bẹ̀rẹ̀ sí yọ wúrà ní Sẹ́gílọlá, lẹ́bàá Ìpérindó, lọ́dún 2021. Ẹ fi omi tó ń gbẹ àti wúrà yìí sọ́kàn, wọ́n máa padà wúlò.

Ìkànìyàn tó kẹ́yìn ní Nàìjíríà ni ti oṣù Kẹta ọdún 2006, tó ní a jẹ́ 140,431,790. Èyí tó yẹ kó wáyé ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ọjọ́ díẹ̀ ló kù tí wọ́n fi sún un síwájú. Iye tí wọ́n tẹ̀ jáde fún 2006 sì dúró sórí ìjọba ìbílẹ̀, kò sọ̀ kalẹ̀ dé ìlú kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ń wá iye ènìyàn Òṣú tàbí Ifẹ̀wàrà lọ́tọ̀, ti Àtàkúnmọ́sà Ìwọ̀-Oòrùn lápapọ̀ ni yóò bá pàdé: 68,643, lórí ilẹ̀ tó tó 577 kìlómítà onígun mẹ́rin. Ẹ fi wé Iléṣà Ìwọ̀-Oòrùn tí èèyàn 103,555 wà lórí kìlómítà onígun mẹ́rin 63 péré. Ẹni tó ń ṣètò fún èyí àkọ́kọ́ kò lè lo ọgbọ́n tí wọ́n ń lò fún èkejì.

Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè kò bá ara wọn fa ọ̀rọ̀ yẹn. Wọ́n gbé iye tiwọn kalẹ̀. Ibi tí wọ́n ti rí i ni ọjọ́ ìlú, nígbà tí gbogbo ọmọ ìlú bá ti Èkó, Ìbàdàn àti òkè òkun dé nínú oṣù Kejìlá: wọ́n ka àga tí wọ́n háyà, wọ́n fi ti àwọn tó dúró kún un, wọ́n tún fi orúkọ tó wà nínú ìwé àwọn ẹ̀ka ẹgbẹ́ níta lé e lórí. Bí iye yẹn bá jẹ́ òótọ́, ìlú kékeré yìí nìkan ì bá gba nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta èrò ìjọba ìbílẹ̀ wọn.

Kánsù kò fìbínú dá wọn lóhùn. Òṣìṣẹ́ tó ń rí sí ètò ní ọ́fíìsì wọn kàn fi ìṣirò tirẹ̀ hàn wọ́n. Kí ó lè yé ẹni tí kò bá irú rẹ̀ pàdé rí, mo máa fi Àtàkúnmọ́sà Ìwọ̀-Oòrùn ṣe àpẹẹrẹ. Láàárín ìkànìyàn 1991 àti ti 2006, Nàìjíríà fi nǹkan bí 3.2 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i lọ́dọọdún. Bí wọ́n bá fi ìdá yẹn sún 68,643 síwájú dé ọdún 2024, á tó nǹkan bí 121,000. Wọ́n á wá fi iye wọ́ọ̀dù pín in. Ìṣirò náà kò léṣù nínú, ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta ló gbà bí òótọ́ láìwádìí: pé ìgbèríko ń pọ̀ sí i bí Èkó ṣe ń pọ̀ sí i, pé wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan dọ́gba, àti pé inú ìlú tí orúkọ rẹ̀ wà lórí wọ́ọ̀dù ni èèyàn ń gbé. Ní agbègbè yìí, ìkẹta ló burú jù.

A wá gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n ka ara wọn. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí àwọn ọ̀dọ́ tó mú ìwé àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ máa bi ojúlé kọ̀ọ̀kan: ta ló sùn síbí mọ́jú òní? Ìlànà ìkànìyàn 2006 ló fara jọ èyí, torí ibi tí wọ́n bá ọ ni wọ́n ti kà ọ́, wọn ò sì béèrè ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni. Ọ̀pọ̀ ló gbàgbé èyí. Wọ́n rò pé ọmọ ìlú ni ìjọba ń kà, wọ́n á ní kí ọmọ wọn wálé wá kà ara rẹ̀ mọ́ ìlú, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ó ti padà sí Àgége.

Àbájáde rẹ̀ ba gbogbo èèyàn lọ́kàn jẹ́. Ilé tí wọ́n tì pa pọ̀ ju èyí tí wọ́n ń gbé lọ ní àdúgbò kan. Ilé tó lẹ́wà jù kò lẹ́nì kan ju ẹ̀ṣọ́ lọ. Àwọn ìyá àgbà àti ọmọ-ọmọ wọn ló pọ̀, àwọn ọkùnrin tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ogún ọdún sí ogójì kò sì tó nǹkan. Èyí kò yẹ kó ya ẹni tó mọ Ìjẹ̀ṣà lẹ́nu. Láti ayé àwọn òṣómàáló tí wọ́n ru aṣọ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá tí wọ́n ń tà á láwìn, ìta ni ọkùnrin Ìjẹ̀ṣà ti ń wá owó, ilé ni ó ń kọ́ ọ sí. Nítorí náà ilé púpọ̀ kì í ṣe ẹ̀rí èrò púpọ̀ níbẹ̀. Síbẹ̀ iye tí wọ́n kà kéré sí ìṣirò kánsù pàápàá, ojú sì ti àwọn àgbà.

Ìpàdé tí wọ́n ṣe lórí rẹ̀ le. Àgbà kan ní kí wọ́n jẹ́ kí ìwé yẹn sùn, kí wọ́n padà sí iye ti tẹ́lẹ̀. Èmi ò rí ìwé tó níye lórí tó o nínú gbogbo iṣẹ́ yẹn, torí òun nìkan ni ẹnikẹ́ni lè lọ yẹ̀ wò, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹnu àlejò ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ń dùn. Ìyálọ́jà, tí kò tíì sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ló dìde.

“Ẹ̀yin bàbá mi, mo bẹ̀ yín, ẹ má bínú. Tó bá jẹ́ pé iye wa nìyí, ta ló ń ra iyọ̀ lọ́jọ́ ọjà? Àpò iyọ̀ tí mò ń tà lọ́jọ́ ọjà kan, ìlú yìí kò lè jẹ ẹ́ tán lóṣù mẹ́ta.”

Ìbéèrè yìí ló yí iṣẹ́ náà padà. Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, wọ́n fi ọmọ ilé-ìwé sí ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan tó wọ ọjà. Títì ló ń gbé àwọn ọlọ́jà wá: àwọn oníṣu, àwọn aláṣọ láti Iléṣà, àwọn onírédíò láti Ifẹ̀. Ọ̀nà ẹsẹ̀ tó ti odò wá ló ń gbé àwọn oníbàárà. Láti òwúrọ̀ tí ìrì ò tíì gbẹ ni wọ́n ti ń rọ́ dé, obìnrin tó gbé ọmọ pọ̀n, géńdé tó so àdá mọ́ kẹ̀kẹ́. Gbogbo wọn ń ra iyọ̀, epo ìdáná, bátìrì, oògùn ibà, wọ́n sì ń padà sínú igbó kí oòrùn tó wọ̀. Ìlú tí a rò pé ó dá ṣófo, ọjà ni fún ìlú mìíràn tí kò sí lórí títì rárá.

Ẹni tó mọ ìlú inú igbó yẹn dáadáa wà láàárín wọn láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò bi í. Òun ni òṣìṣẹ́ ìlera tó ń gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára káàkiri, tí gbogbo èèyàn ń pè ní nọ́ọ̀sì (gbogbo ẹni tó bá ti wọ aṣọ funfun ni nọ́ọ̀sì lọ́dọ̀ tiwa). Ó ní àwòrán kan tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà: odò, igi ìrókò, ṣọ́ọ̀ṣì onípáànù, àti abà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iye ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Ojú ìlẹ̀kùn abà ni òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ iye ọmọ tí wọ́n kán oògùn rọpárọsẹ̀ fún. Kò kọ kìlómítà sórí àwòrán rẹ̀, iye ìṣẹ́jú tí èèyàn á fi rìn ló kọ, ti ẹ̀ẹ̀rùn lọ́tọ̀, ti òjò lọ́tọ̀. Èmi ò rí máàpù ìlú yẹn tó dára tó bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni mo ti wo àwòrán tí wọ́n yà láti ojú sánmọ̀, níbi tí òrùlé abà ti fara pa mọ́ sábẹ́ igi kòkó.

Wọ́n wá tẹ̀ lé nọ́ọ̀sì lọ sí abà. Ohun àkọ́kọ́ tó fẹ́ da iṣẹ́ náà rú ni orúkọ. Abà kan ń jẹ́ orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ dá oko síbẹ̀ lẹ́nu àwọn onílẹ̀, ó sì ń jẹ́ orúkọ olórí àwọn àgbàṣe lẹ́nu àwọn tó ń gbé ibẹ̀. Ká ní kò sí nọ́ọ̀sì, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọn ì bá kà á. Ìkejì ni ìbẹ̀rù. Bí wọ́n bá ti rí ìwé àti báírò, àwọn kan ń gba ẹ̀yìn abà lọ. Olóko ń rò pé wọ́n fẹ́ fi kún ìṣákọ́lẹ̀ tí wọ́n ń san fún onílẹ̀, àgbàṣe ń rò pé owó orí ni, àwọn awakùsà létí odò sì ń rò pé ọlọ́pàá ń bọ̀. Wọ́n jáwọ́ nínú kíkọ orúkọ pátápátá. Nọ́ọ̀sì ló ń ṣíwájú, ó ń kí ìyá ọmọ, ó ń béèrè ara ọmọ, lẹ́yìn náà ló tó béèrè iye ẹni tó sùn síbẹ̀.

Ìkẹta ló le jù, torí àárín àwa fúnra wa ló wà. Àwọn tó ń gbé abà wọ̀nyí kì í ṣe ọmọ ìlú lójú àwọn ará ìlú. Àwọn kan ti Ọ̀yọ́ àti Ẹdẹ wá láti ayé bàbá wọn. Àwọn mìíràn jẹ́ Àgàtú, Ìgedè àti Ebira tí wọ́n ń bá olóko ṣe kòkó. Àwọn Hausa wà níbi wúrà. Ọ̀dọ́ kan béèrè gbangba pé kí ló dé tí àwọn fẹ́ fi àlejò gbéra ga. Lọ́jà ló dá a lóhùn. Ó ní tí ìyàwó Àgàtú bá ń rọbí lóru, ṣé sí Benue ni wọ́n á gbé e lọ, àbí sí yàrá méjì tó wà lójú títì yìí? Kò sí ẹni tó tún béèrè mọ́. Nígbà tí wọ́n parí, àwọn tó ń gbé abà ju àwọn tó ń gbé ìlú lọ dáadáa, àwọn ọmọdé ibẹ̀ sì pọ̀ jùyẹn lọ pàápàá.

Ìdùnnú yẹn kò pẹ́. Nígbà tí a fi fóònù mú ojú ibi tí abà kọ̀ọ̀kan wà, tí a sì gbé e sórí máàpù, a rí i pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta wọn wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn. Odò tí gbogbo ìlú ń pè ní ààrin ilẹ̀ wọn, òun ni máàpù ń pè ní ààlà. Lọ́dọ̀ àjọ elétò ìdìbò, ibùdó ìdìbò àwọn abà kan wà lọ́dọ̀ kánsù kejì. Lọ́dọ̀ ẹ̀ka ẹ̀kọ́, ilé-ìwé tí ọmọ abà wọ̀nyẹn ń lọ jẹ́ ti kánsù tiwa. Nọ́ọ̀sì sì ń gbé abẹ́rẹ́ lọ bá wọn láìbi ẹnikẹ́ni. Ẹ̀ka ìjọba mẹ́ta, ààlà mẹ́ta, lórí ilẹ̀ tí èèyàn lè fi ẹsẹ̀ rìn já láàárọ̀ kan.

Àwọn àgbà fẹ́ kí a kà wọ́n mọ́ ìlú láìwo máàpù. Wọ́n ní àwọn ẹbí tiwọn ló ń gba ìṣákọ́lẹ̀ níbẹ̀, àti pé bí a bá yọ wọ́n kúrò nínú ìwé, a ti fi ilẹ̀ baba wọn tọrẹ. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú kéré irú ọ̀rọ̀ yìí ní agbègbè tiwa. Nígbà tí wọ́n dá ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ifẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1996, ọ̀rọ̀ ibi tí ibùjókòó rẹ̀ máa wà ló tún tanná ran ìjà Ifẹ̀ àti Mọ́dákẹ́kẹ́ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá gbọ́ ìró ìbọn ìgbà yẹn mọ̀ pé ìwé kánsù lè di ọ̀ràn ẹ̀mí.

Ohun tí a ṣe ni pé a pín ojú ìwé sí méjì. Apá kan ka àwọn tó ń gbé lábẹ́ kánsù náà. Apá kejì ka àwọn tí ọjà, ilé-ìwé àti ìtọ́jú aboyún wọn wà ní ìlú, ṣùgbọ́n tí máàpù ìjọba fi sí òdìkejì odò. Akọ̀wé wá kọ gbólóhùn kan sókè: “Kíka ẹnikẹ́ni sí apá yòówù kò sọ ẹni tó ni ilẹ̀, kò sì yí ìṣákọ́lẹ̀ padà.” Gbólóhùn yẹn gba ọ̀sán kan kí wọ́n tó fohùn ṣọ̀kan lé e lórí, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Láìsí i, Lọ́jà kò bá tí fọwọ́ sí ìwé náà, àwọn baálẹ̀ abà kò sì bá gbà kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni.

Nígbà tó jẹ́ pé èrò ti pọ̀ lọ́wọ́ wọn, ẹnìkan mú àbá wá pé kí wọ́n kúkú béèrè ìjọba ìbílẹ̀ tiwọn. A yára kọjá lórí ìyẹn. Orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ wà nínú òfin orílẹ̀-èdè 1999 fúnra rẹ̀, 768 àti àwọn agbègbè mẹ́fà ti Àbújá. Dídá tuntun sílẹ̀ gba ìbò ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ará agbègbè, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ àti àwọn kánsù gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, ilé aṣòfin àpapọ̀ sì gbọ́dọ̀ parí rẹ̀. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ ìyẹn kedere nínú ẹjọ́ ìpínlẹ̀ Èkó àti ìjọba àpapọ̀ lọ́dún 2004. Ní ti odò, ìgbìmọ̀ ààlà ìpínlẹ̀, tí igbákejì gómìnà máa ń ṣe alága rẹ̀, ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń lọ. Àwọn àgbà ti fi lẹ́tà ti wọn ránṣẹ́ síbẹ̀ lọ́tọ̀, kí ó má baà so mọ́ ti ilé ìwòsàn.

Àkókò tí lẹ́tà ilé ìwòsàn dé kánsù kò dára. Láti oṣù Kejì ọdún 2025 ni àríyànjiyàn lórí ẹni tó ni àga alága kánsù ti dé ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ní kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn jókòó sílé, tí owó tó ń ti Àbújá wá fún àwọn kánsù sì há sọ́nà. Ìdájọ́ tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ṣe ní oṣù Keje ọdún 2024, pé kí owó kánsù máa lọ tààrà sọ́wọ́ kánsù, kò bá wọn yanjú ẹni tí kánsù jẹ́. Nítorí náà wọn ò tíì kọ́ ilé ìwòsàn kankan.

Ohun tó yí padà kò gba owó kánsù. Nígbà tí ọ̀gá àwọn eléètò ìlera rí ojú ìwé méjèèjì, wọ́n sún ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára àti ìtọ́jú aboyún sí ọjọ́ ọjà. Tẹ́lẹ̀, ọjọ́ Ọ̀sẹ̀ Òyìnbó ni wọ́n ń lò, èyí tí ará abà kì í sábà mọ̀. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ìlera ní òdìkejì odò náà ní kí nọ́ọ̀sì máa bá àwọn dé àwọn abà tó sún mọ́ ọn ju àwọn lọ, wọ́n sì jọ ń pín àkọsílẹ̀ iye ọmọ. Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè bẹ̀rẹ̀ sí kọ nọ́ńbà sára ilé àti abà, iṣẹ́ tó jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀ nínú òfin orílẹ̀-èdè ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni kò ṣe níbẹ̀ rí.

Fún ẹni tó bá máa ṣe irú iṣẹ́ yìí níbòmíràn ní Ifẹ̀ tàbí Ìjẹ̀ṣà: kí o tó ka ilé, lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà ọjà, kí o sì wá ẹni tó ń gbé abẹ́rẹ́ lọ sí abà. Má kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Kọ orúkọ abà méjèèjì, ti onílẹ̀ àti ti àwọn tó ń gbé ibẹ̀. Jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ọ̀rọ̀ èrò wà nínú ìwé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí àwọn àgbà sì fọwọ́ sí ìyàtọ̀ yẹn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, má dúró dìgbà tí ìjà bá dé. Èyí tó kù nípa ìlú yìí ni àkókò. Ìgbà ìkórè kòkó ni a ka abà, láàárín oṣù Kẹwàá sí ìkejìlá, nígbà tí àgbàṣe pọ̀ jù. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá le, tí kànga gbẹ, àwọn abà kan máa ń ṣí lọ sétí odò, àwọn awakùsà sì ń pọ̀ sí i nígbà tí omi bá fà. Akọ̀wé ti ra ìwé tuntun fún oṣù Kejì, nọ́ọ̀sì sì ti ní kí wọ́n fi ọjọ́ tí òun máa gbé oògùn rọpárọsẹ̀ lọ ṣe é, kí àwọn lè rìn ín lẹ́ẹ̀kan náà.